Alága Tí Ó Ń Sọ Àsọtẹ́lẹ̀ Lórí Wásáàpù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ da fóònù yín dojú bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ, kò sì bójú mu kí a máa sọ ọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni.

Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú Warri tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Káàárọ̀-Oòjíire. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti ìhà Ọ̀yọ́ àti ìhà Ìjẹ̀bú wá ni wọ́n pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Warri sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ẹ ó sọ Yorùbá fún tí wọn yóò fi Píjìn dá yín lóhùn. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ekurede-Urhobo. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ga ju gbogbo ilé tí ó yí i ká lọ. Ẹ fi òrùlé yìí sọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni alága kan ṣe ṣubú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alága náà kò gun orí rẹ̀ rí.

Alága náà ni Olóyè Adéfọláhàn, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti tìmùtìmù ní Jakpa Road. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Warri ni ó ń sùn dáadáa nítorí ọjà Olóyè. Olóyè fúnra rẹ̀ ni kì í rí oorun sùn, nítorí pé ó ń ronú nípa ọjọ́ iwájú ayé.

Ohun tí ó fa ìrònú náà kò ju fóònù ńlá kan tí ó rà lọ. Nínú fóònù yìí ni Olóyè ti rí i pé àwọn òyìnbó máa ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n ń jiyàn pé ilé-iṣẹ́ wo ni yóò gbé èwo mì, pé ṣé orí ilẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì yóò máa gbà wá ni tàbí ojú ọ̀run, pé ṣé ẹ̀rọ yóò máa ronú fún ènìyàn. Olóyè wò wọ́n, àánú wọn ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn sọ́nà. Bí ọlọ́lá kan tí ó ni ilé-iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun bá sọ̀rọ̀ kan, Olóyè a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pé, ọmọ mi, o ti ṣìnà. Àwọn tí ó bá kà á a sì fi àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ dá a lóhùn. Olóyè a wá fi han akọ̀wé ẹgbẹ́.

“Dúrótoyè, wò ó. Omijé ayọ̀ ni wọ́n ń sun.”

Dúrótoyè akọ̀wé a sì dáhùn pé, “Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wọ́n lọ́kàn, Olóyè.”

Ẹ má bínú sí Dúrótoyè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ni ó hun oríkì tuntun fún alága, tí a fi ń ṣí gbogbo ìpàdé: Baba Ìmọ̀-Ẹ̀rọ, Atọ́nà Ayélujára, Ojú Tí Ó Ti Dé Ọ̀la Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́. Ní òròòwúrọ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fọ ẹnu, àsọtẹ́lẹ̀ Olóyè a ti balẹ̀ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́, Dúrótoyè a sì kọ́kọ́ kí i, gbogbo ẹgbẹ́ a tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó kí i yóò fi àwòrán ọwọ́ méjì tí ó pa pọ̀ tọrọ àforíjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Olóyè sọ pé kò ní pẹ́ tí ènìyàn kò ní di fóònù mú mọ́, fóònù ni yóò máa di ènìyàn mú. Èmi tí mo ń kọ ìtàn yìí wo àwọn ọmọ ilé mi, mi ò sì lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń ri òpó íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ti ń kú lọ, pé íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ iwájú yóò máa já bọ́ tààrà láti ojú ọ̀run sórí ẹni tí ó bá wà ní ìmúra. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dé fìlà mọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí ó gbà pé íńtánẹ́ẹ̀tì náà yóò bọ́, kí ohunkóhun má baà dí i lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣàkóso àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin. Òfin Àmín ni.

Ní àtijọ́, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe ìpinnu, wọn a nawọ́ sókè, akọ̀wé a sì ka ọwọ́. Olóyè kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí pé ẹni tí ó nawọ́ lónìí lè káwọ́ lẹ́yìn lọ́la. Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa. Kò sí ọmọ Yorùbá, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, tí yóò rí àdúrà tí kò ní ṣe Àmín. Kò ní dúró kà á tán. Ọwọ́ rẹ̀ a ti tẹ Àmín kí ojú rẹ̀ tó dé ìlà kejì. Lórí àkíyèsí yìí ni Olóyè gbé òfin tuntun kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gẹ́gẹ́ bí àdúrà ni a ó máa gbé gbogbo àbá wá sórí Wásáàpù. Ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè gbé e wá, ṣùgbọ́n alága ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe Àmín sí i. Bí Àmín ẹgbẹ́ bá tẹ̀ lé e tí ó sì ju ìdajì lọ, àbá ti di òfin. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yọ Àmín rẹ̀ kúrò, nítorí pé Ọlọ́run ti gbọ́ ọ.

Òfin náà ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Olóyè gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí alága ẹgbẹ́ máa jókòó sórí àga tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Àmín rọ̀ bí òjò, wọ́n sì ra àga aláwọ dúdú fún un, èyí tí ó ní táyà lẹ́sẹ̀ tí ó sì ń yí bìrìpé. Ó gbàdúrà pé kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má gbàgbé ojú ẹni tí ó là wọ́n lọ́yẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwòrán rẹ̀ tí ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn, ó na ìka sí ojú sánmà bí ẹni tí ó ń fi ọ̀nà han ẹyẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Ramlah gbé àbá tirẹ̀ wá.

Ramlah jẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Warri. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, níbi tí ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí ó sì ń tẹ ìwé jáde fún àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ a yọ orí sí ẹnu ọ̀nà, wọn a bi í pé, “Aunty, network dey?” Bí kò bá sì lè dáhùn kíákíá, wọn a gbọ̀nà Jakpa Road lọ. Ramlah ti pinnu pé bí nǹkan kò bá yí padà kí oṣù tó parí, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, òun yóò sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn, ìlú tí kò gbé rí, tí àwọn ará ibẹ̀ yóò sì máa fi bí ó ṣe ń sọ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìrètí kan ni ó kù. Ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan, tí àwọn ọmọ Warri fúnra wọn dá sílẹ̀, ń wá òrùlé gíga tí wọn yóò ri òpó wọn sí. Bí ẹgbẹ́ bá fún wọn ní òrùlé gbọ̀ngàn, wọn yóò fún gbọ̀ngàn àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n dá. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá wọ̀ láìsí èsì, ilé kan ní Okere ni wọn yóò gbé òpó náà lọ. Àbá Ramlah nìyí, ṣùgbọ́n Olóyè kò ṣe Àmín sí i.

Ilé-iṣẹ́ náà rán obìnrin Urhobo kan tí ń jẹ́ Cynthia wá bá alága. Dúrótoyè ní kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí òun yóò fi ka oríkì Olóyè tán. Nígbà tí ó wọlé, Olóyè yí àga rẹ̀ láti ojú fèrèsé wá díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún àlejò, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì tí ó wúwo bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kókó ohun tí ó sọ ni pé inú òun bàjẹ́ láti túfọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ wọn ti kú, wọn kò tíì mọ̀ ni.

Cynthia fi sùúrù gbọ́ ọ tán. “Oga Chairman,” ni ó wí, “the company wey die don pay me salary this morning.”

Olóyè mi orí. Ó ṣàlàyé fún un pé ohun tí ó ti kú ní ọjọ́ iwájú lè máa sanwó lónìí.

“Sir, na roof we ask for. We no ask for prophecy.”

Dúrótoyè ṣí ilẹ̀kùn fún un kíá. Bí Cynthia ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni ó pàdé Ramlah tí ó ń dúró de ìròyìn. Kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó sọ fún un pé bàbá tí ó wà lókè yẹn ti sin àwọn láàyè, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóyè gbàdúrà lórí Wásáàpù pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí òrùlé àwọn funfun báláú, kí ojú ọ̀run lè dá a mọ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ iwájú bá ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Àmín dé wéréwéré. Ramlah náà ti ṣe Àmín kí ó tó ka ibi tí ọ̀rọ̀ òrùlé wà. Ó fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

Wọ́n kun òrùlé náà ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì fi dúdú kọ orúkọ Olóyè gàdàgbà sí àárín rẹ̀, kí ojú ọ̀run má baà ṣi ilé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé jọ sí ìta láti ṣí i. Dúrótoyè dúró ní abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ pẹ̀lú aṣọ àrán, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Warri mọ òjò rẹ̀. Kì í béèrè bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Òjò ṣú, òjò rọ̀, ọ̀dà tú, omi funfun gba ojú ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ó sì bo akọ̀wé ẹgbẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ pé ojú tí ó ti dé ọ̀la. Kò dánu dúró. Ó ka oríkì náà tán pẹ̀lú ojú dídì. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò náà funfun títí di ọjọ́ kejì.

Olóyè, tí ó wà lábẹ́ agboòrùn, kéde pé àmì ni. Ojú ọ̀run ti fọwọ́ kàn wá, ó ní. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dúrótoyè náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ̀yin ìbá sinmi. Olóyè kò sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó gba ìpè sí àpérò àgbáyé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọn yóò ti jiyàn nípa ibi tí ayé ń lọ. Mo gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí ibẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ìpè, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe òfófó. Olóyè pàṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ péjọ sí gbọ̀ngàn kí wọ́n máa wo òun lára ògiri, òun yóò sì máa sọ̀rọ̀ láti ilé òun ní Ogunu, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀.

Wọ́n péjọ. Ramlah so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Ojú Olóyè yọ, ó tóbi, ó ń dán. Ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn ayé,” ó la ẹnu láti sọ èyí tí ó kù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ekurede-Urhobo sì lọ.

Olóyè dúró sára ògiri pẹ̀lú ẹnu lílà. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti pa dé, ti òsì là sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ní gbọ̀ngàn tí ojú ọ̀run ti fọwọ́ kàn. Nígbà tí ó pẹ́, Dúrótoyè dìde, ó ṣàlàyé pé alága dánu dúró kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹnu tí ó là náà. Ìyá àgbà kan tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó sùn. Àwọn ọ̀dọ́ dúró ní ẹ̀yìn, wọ́n ń fi fóònù ya ògiri, wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn pé, “Chairman don hang.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti dé Jakpa Road, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wò ó kí wọ́n tó ra tìmùtìmù.

Ní ọjọ́ kejì, Olóyè bi akọ̀wé rẹ̀ pé báwo ni ọ̀rọ̀ òun ṣe rí lára ẹgbẹ́. Dúrótoyè ronú díẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, láti ìgbà tí òun ti wà nínú ẹgbẹ́, òun kò rí ọ̀rọ̀ tí ó pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àwòrán náà dé orí Wásáàpù ẹgbẹ́ nígbẹ̀yìn, Ramlah sì lo àǹfààní náà. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ̀yin Olóyè, bàbá wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ṣe yín bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ri òpó yẹn.” Ọ̀rọ̀ bá di iyàn. Àwọn kan ní òpó ni ó dára, àwọn kan ní ojú ọ̀run ni, ẹnìkan ní íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni ó ń ba ọmọ jẹ́, ẹnìkan sì ń polówó èlùbọ́ láàárín wọn. Olóyè bínú. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ohun mìíràn sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí àdúrà, Àmín àti ìkíni fún ọlọ́fọ̀, òun yóò yọ ọ́ dànù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kò tíì rí iyàn rí bí ẹ kò bá rí iyàn tí a fi àdúrà jà.

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òpó wó lé àwọn ọmọ wa lórí,” ni ẹnìkan kọ.

“Àmín,” ni Ramlah fi èsì, “Ọlọ́run má sì jẹ̀ẹ́ kí á fi ọ̀dà wẹ̀.”

Dúrótoyè, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí, kọ ọ́ pé, “Ọlọ́run yóò dáríjì àwọn tí kò mọ iyì àgbà.”

“Amin o,” ni Olúwadámisí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, dáhùn, “and make God no let person hang for wall again.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà lu ara wọn títí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù fi dé. Olóyè kò ṣe Àmín sí ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà kò sí èyí tí ó di òfin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ náà, bí wọ́n ti ń tú jáde láti mọ́ṣáláṣí, Ramlah lọ dágbére fún Àlhájì Ràhímù. Àlhájì yìí ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí ó ti kú, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni tí ń ta ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù lọ́jà tí ó sì máa ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fún ẹgbẹ́. Àdúrà rẹ̀ gùn. Kò sí ẹni tí ó ti gbọ́ ìparí rẹ̀ rí, nítorí pé ìjókòó a ti máa tú ká, oúnjẹ a sì ti máa tutù.

Ramlah sọ fún un pé òun ti di àwọn kọ̀ǹpútà sínú páálí. Àlhájì bi í pé ta ni yóò máa tẹ ìwé ọjà òun. Bàbá náà wo oòrùn, ó sì ní kí ó mú fóònù òun, kí ó máa bá òun kọ̀wé.

“Kí ni kí n kọ, Bàbá?”

“Àdúrà ni. A kò sì lè tìtorí àdúrà yọ mí dànù.”

Ó pè é, Ramlah ń kọ ọ́. Nígbà tí ó dé àárín, ìka Ramlah dúró. Ó gbé ojú sókè wo Àlhájì. Ó bi í bóyá kí òun fi ọ̀rọ̀ mìíràn bo ibẹ̀.

“Kọ ọ́ kedere bí mo ti pè é,” ni Àlhájì wí. “Èmi kì í gbàdúrà èrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó kà á.”

Bí àdúrà náà ti kà nìyí:

“Ọlọ́run Ọba, a dúpẹ́ fún Olóyè Adéfọláhàn, Baba Ìmọ̀-Ẹ̀rọ, Atọ́nà Ayélujára, Ojú Tí Ó Ti Dé Ọ̀la Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́. Gbé e ga, gbé e ga, tún gbé e ga sí i. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òkè òkun, kí àwọn ọlọ́lá ayé jókòó sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ tí o fún un ní ọgbọ́n tí ó pọ̀ ju èyí tí Warri lè gbà lọ, bá a sọ ẹrù ẹgbẹ́ kékeré yìí kalẹ̀ lónìí, kí ó lè ráyè gbọ́ ti gbogbo ayé. Gbé ẹrù alága náà lé Ramlah ọmọ wa lórí. Kí òpó ilé-iṣẹ́ Cynthia sì dúró sórí òrùlé wa kí oòrùn òní tó wọ̀.”

Ẹ̀yin mọ bí Wásáàpù ti máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn. Yóò fi apá òkè hàn, yóò sì ká ìyókù pamọ́ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ kà á. Apá òkè àdúrà yìí kò sì ní ju oyè àti ìgbéga lọ.

Nígbà náà, Olóyè wà ní gbọ̀ngàn lórí àga rẹ̀ tí ń yí, ó ń bá àjòjì kan jiyàn lórí pé ilé-iṣẹ́ wo ni yóò ni íńtánẹ́ẹ̀tì inú òṣùpá. Àjòjì náà ti pè é ní òmùgọ̀. Inú Olóyè ru, ó sì ń wá ohun tí yóò tù ú nínú, kí àdúrà Àlhájì tó já wọlé. Ó rí orúkọ rẹ̀. Ó rí oyè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó dín. Ó rí gbé e ga, ó sì tún rí i. Kò sí òfin kankan ní ilé ayé tí ó lè di ọwọ́ Olóyè mú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Àmín, Àmín, Àmín láṣẹ Èdùmàrè,” ó sì padà sínú òṣùpá.

Ẹni kejì tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn ni akọ̀wé. Dúrótoyè tẹ àdúrà náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà. Ó wo Àmín alága tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó tò ní mẹ́ta. Ó lè pe Olóyè lórí fóònù. Ó tilẹ̀ ti mú nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí èékánná ara rẹ̀, níbi tí ọ̀dà funfun ṣì wà ní ìdí rẹ̀, tí kò tíì lọ láti ọjọ́ òjò. Ó fi nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ó kọ Àmín, ó sì fi àwòrán ọwọ́ méjì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí alága àti akọ̀wé ti ṣe Àmín, ta ni yóò dákẹ́? Àwọn tí wọ́n kà á tán ṣe é tayọ̀tayọ̀. Àwọn tí wọn kò kà á ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá àgbà tí ó sùn ní ọjọ́ àpérò náà fi ohùn ránṣẹ́, ó ṣe Àmín bíi ti ìwàásù. Ramlah kò ṣe Àmín tirẹ̀. Ó jókòó láàárín ìkòkò Àlhájì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo fóònù bí ó ti ń gbọ̀n.

Cynthia, ẹni tí Ramlah ti fi àdúrà náà pẹ̀lú àwọn Àmín rẹ̀ ránṣẹ́ sí, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti irin gígùn nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè ilé. Ìró irin lórí òrùlé ni ó mú Olóyè jáde nínú òṣùpá. Ó sáré jáde, ó gbé ojú sókè, ó bi wọ́n pé ta ni ó fún wọn láṣẹ.

Cynthia na fóònù sí i láti orí òrùlé. “Na you first say Amen, sir. Three times.”

Olóyè ṣí fóònù tirẹ̀, ó wá kà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti di alága, ó ka àdúrà kan dé ìparí. Ẹnu rẹ̀ là, ojú ọ̀tún rẹ̀ pa dé, ti òsì sì là sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dúró ní ìta wo ojú náà, wọ́n sì rántí ibi tí wọ́n ti rí i rí.

Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. Ó ní, “Dúrótoyè, bá mi yọ ọ́ kúrò.”

Ohùn Dúrótoyè rọlẹ̀ gan-an. “Olóyè, ẹ̀yin ni ẹ sọ pé Ọlọ́run ti gbọ́ ọ.”

Olóyè jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, kò dé fìlà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni. Nígbà tí ó pẹ́, Ramlah jáde wá bá a, ó kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ ti ń kí bàbá. Ó sọ fún un pé àga tí ó ń yí ṣì jẹ́ tirẹ̀, àwòrán ara ògiri náà kò sì ní kúrò, níwọ̀n bí ó ti bo ibi tí ògiri ti là. Ó tún sọ fún un pé ààyè wà fún àga náà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò ti lágbára jù.

Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a bí ẹ bá dé Ekurede-Urhobo. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Olóyè Adéfọláhàn wà ní igun rẹ̀, ó ń yí bìrìpé, ó ń tọ́ àwọn ọlọ́lá òkè òkun sọ́nà, ojú rẹ̀ kì í sì dì mọ́ ara ògiri ẹnikẹ́ni. Ó ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ tuntun pé òpó ni ọjọ́ iwájú, pé òun ti rí i tipẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Àlhájì Ràhímù wá tẹ ìwé ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó ti fẹ́ máa lọ, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún Olóyè pé kí Ọlọ́run gbé e ga, kí ó tún gbé e ga sí i. Gbogbo ènìyàn inú ṣọ́ọ̀bù dáhùn pé Àmín.

Olóyè nìkan ni kò dáhùn. Ó yí àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọjú sí bàbá náà.

“Àlhájì,” ni ó wí, “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà á dé ìparí ná.”